Àgádágodo Inú Àkáǹtì: Ìdí Tí PS5 Tó Dínwó ní Japan Kò Fi Ní Í Wúlò fún Ará Ìsọlọ̀

Sony ti dín owó ẹ̀rọ géèmù rẹ̀ fún Japan. Láti ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá ọdún 2025 ni PS5 Digital Edition kan ti wà lórí àtẹ ní Japan ní yẹ́ẹ̀nì 55,000. Ẹni tí òwò bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ti fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìṣirò. Yẹ́ẹ̀nì 55,000 kò ju nǹkan bíi $355 lọ, bẹ́ẹ̀ $499.99 ni wọ́n ń ta irú ẹ̀rọ kan náà ní Amẹ́ríkà nígbà náà, láti oṣù Kẹjọ ọdún 2025. Bí a bá ka dọ́là kan sí ₦1,450, ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì lé ní ₦200,000 lórí ẹyọ kan ṣoṣo. Kí ló wá dé tí ẹnì kan kò fi ní í kó àpótí mẹ́wàá láti Tokyo, kó balẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed, kó gba Ajao Estate wọ Ìsọlọ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú?

Gbólóhùn tó tẹ̀lé orúkọ ẹ̀rọ náà ló dé: èdè Japan nìkan. Kò ní í sọ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì ní í gba àkáǹtì kankan àfi èyí tí wọ́n ṣí sí orílẹ̀-èdè Japan. Nintendo ló kọ́kọ́ dá irú àrà yìí lọ́dún 2025. Nígbà tí ẹ̀rọ géèmù rẹ̀, Switch 2, jáde lọ́jọ́ 5 oṣù Kẹfà, yẹ́ẹ̀nì 49,980 ni èyí tó gbọ́ èdè Japan nìkan, 69,980 sì ni èyí tó gbọ́ onírúurú èdè. Yẹ́ẹ̀nì 20,000 gbáko ni èèyàn fi ń ra ẹ̀tọ́ láti yan èdè tó wù ú.

Ọ̀pọ̀ nínú wa, bí a bá ti gbọ́ pé wọ́n ti géèmù mọ́ àgbègbè kan, olè la máa ń rò pé wọ́n ń tìlẹ̀kùn mọ́: àwọn tó ń da síìdì kọ, àwọn oníṣẹ́ abẹ́lẹ̀ ọjà Alaba. Àṣìyé tó ní ìdí ni, kò sì sí ohun tó lè ṣàlàyé ìdí náà bíi géèmù bọ́ọ̀lù kan tí gbogbo Èkó gbá.

Ẹni tó ṣe ọmọdé ní Èkó ní ìparí àwọn ọdún 1990 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 á rántí Winning Eleven. Konami ló ṣe é. Ní Yúróòpù, orúkọ mìíràn ni wọ́n fi tà á, Pro Evolution Soccer ni wọ́n sì ń pè é nígbà tó yá, ṣùgbọ́n èyí tó gba ìgboro Èkó kan, ti Japan gan-an ni. Èdè Japan ni asọ̀rọ̀-bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ń pariwo, èdè Japan ni wọ́n fi kọ gbogbo ohun tó wà lójú rẹ̀. Ọmọ tí kò lè fi Japan hàn yín lórí máàpù mọ bọ́tìnì tí èèyàn ń tẹ̀ láti pààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù, nítorí ojú rẹ̀ ti mọ ibi tó wà. Báwo ni ọjà tí wọ́n ṣe fún àwọn ará Osaka ṣe dé ilé géèmù àdúgbò wa?

Lára PS1, ẹ̀rọ Sony tí a fi ń gbá a nígbà náà, ara síìdì ni àgádágodo wà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ bá ń tẹ síìdì géèmù, ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tí iná lésà ń tọ̀ kì í lọ geerege níbi tó sún mọ́ ihò àárín. Ó máa ń mì sọ́tùn-ún mì sósì, ní ìwọ̀n tí ojú èèyàn kò lè rí láéláé. Inú mímì yẹn ni wọ́n pa lẹ́tà mẹ́rin mọ́ sí: SCEI fún Japan, SCEA fún Amẹ́ríkà, SCEE fún Yúróòpù. Kí géèmù tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ á kọ́kọ́ wá lẹ́tà náà lọ síbẹ̀. Bó bá bá lẹ́tà tirẹ̀ mu, ó gbà. Bí kò bá bá a mu, ó kọ̀ jálẹ̀.

Ẹ wá wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí à ń fi ń kọ síìdì nínú kọ̀ǹpútà lè da gbogbo ohun tó wà nínú géèmù kọ láìku ẹyọ kan, ṣùgbọ́n kò lè mú kí ọ̀nà lésà mì, nítorí ilé iṣẹ́ tó ṣe síìdì òfìfo ti la ọ̀nà yẹn sílẹ̀ kí ẹ tó rà á. Nítorí náà, àdàkọ kò ní lẹ́tà kankan, PS1 á sì tì í síta. Síìdì ojúlówó láti Japan ní lẹ́tà tirẹ̀, àmọ́ kì í ṣe èyí tí ẹ̀rọ tó ti Ìlú Ọba wá ń retí. Wọ́n á ti òun náà síta. Àyẹ̀wò kan ṣoṣo ló ń lé olè, òun náà ló ń lé àlejò tó fi owó rẹ̀ ra ọjà.

Ojútùú tó dé Alaba àti Computer Village nígbà yẹn ni ṣíìpù kékeré kan tí wọ́n ń jó mọ́ pátákó inú PS1. Ṣíìpù yìí kò ṣe ju pé kó máa ka lẹ́tà mẹ́rin náà sí ẹ̀rọ létí, ohun yòówù tí ì báà wà lórí síìdì. Ẹ̀rọ á gbọ́ SCEE, á sì gbà. Bí àdàkọ ṣe wọlé nìyẹn, bí Winning Eleven ṣe wọlé náà nìyẹn, ní ọjọ́ kan náà, láti ẹnu ọ̀nà kan náà. Kò yani lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ méjèèjì dàpọ̀ mọ́ ara wọn lọ́kàn wa títí di òní.

Fíìmù náà ní tirẹ̀. Nígbà tí DVD dé, wọ́n pín ayé sí ẹkùn mẹ́fà, wọ́n sì kó àwa, Rọ́ṣíà àti Íńdíà sínú ẹkùn 5. Nollywood kò tilẹ̀ dá sí i. VCD ló fi tajà, VCD kò sì ní ẹkùn. Ó wà lára ìdí tí fíìmù Yorùbá tí wọ́n rà ní Ìdúmọ̀tà fi ń ṣí lójú ẹsẹ̀ ní Peckham.

Ṣùgbọ́n olè àti àlejò kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Àgádágodo tó ń lé olè, ọjà ló ń ṣọ́. Èyí tó ń lé àlejò, iye owó ló ń ṣọ́. Ilé iṣẹ́ géèmù kì í ná kọ́bọ̀ tó jọjú láti ta ẹ̀dà ẹgbẹ̀rún kan sí i lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti parí, pàápàá bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gbé e. Èrè tó pọ̀ jù lọ wà níbi tí oníkálukú bá ti san ohun tí agbára rẹ̀ ká: kí ará Amẹ́ríkà san $70, kí ará ibi tí owó oṣù ti kéré san $20. Gbogbo ètò yìí á dojú dé bí ará Amẹ́ríkà bá lè fo ọgbà lọ ra ti $20. Ọgbà yẹn ni ohun tí à ń sọ.

Ará Ìsọlọ̀ kò nílò géèmù kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ọgbà náà bá ní ihò. Orúkọ ilé iṣẹ́ aṣọ ni ọjà Aswani tí à ń ná lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ń jẹ́. Afprint náà wà létí títì Oshodi sí Apapa nígbà kan rí, tòun ti ẹ̀rọ rẹ̀ tó ń tẹ àwòrán sára aṣọ. Lọ́pọ̀ ìgbà ni ìjọba fi òfin de aṣọ ilẹ̀ òkèèrè kí irú ilé iṣẹ́ wọ̀nyí má bàa kú, síbẹ̀ aṣọ tí owó rẹ̀ kéré gba Cotonou wọlé ní fàyàwọ́, ó sì borí. Aṣọ kò ní àkáǹtì. Bí ìyàwó bá ti rán an ní bùbá, kò sí ẹni tí yóò bi í bóyá Ṣáínà ló ti wá tàbí Ìsọlọ̀. Géèmù òde òní ń béèrè, lójoojúmọ́ sì ni.

Àgádágodo ara síìdì ti lọ. PS3 tó jáde ní 2006 ti ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ fún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo géèmù, PS4 àti PS5 tẹ̀lé e, Switch ti ọdún 2017 náà ṣe bẹ́ẹ̀. Síìdì PS5 tí wọ́n rà ní Dubai á ṣiṣẹ́ ní Òkè-Afà láìbèèrè nǹkan kan. Ohun tó ń gbé òwò síìdì àlòkù ró nìyẹn, nítorí ẹni tó bá gbá géèmù bọ́ọ̀lù EA Sports FC dé ibi tó sú u lè tà á fún ẹlòmíràn, kó fi owó díẹ̀ lé e, kó ra òmíràn. Àgádágodo náà kàn ṣí lọ sí ibi tí ṣíìpù Alaba kò lè dé ni. Inú àkáǹtì ló wà báyìí.

Bí ẹ bá ń ṣí àkáǹtì PlayStation, ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tó dà bí ọ̀rọ̀ ṣákálá: orílẹ̀-èdè wo lẹ wà? Ìdáhùn tí ẹ bá fún un kò ṣeé yí padà mọ́. Àwọn orílẹ̀-èdè tó wà lórí àtòjọ náà kò tó ọgọ́rin. Gúúsù Áfíríkà wà níbẹ̀, ó ń fi ráńdì rẹ̀ rajà. Nàìjíríà tó ní èèyàn tó ju 200 mílíọ̀nù kò sí níbẹ̀. Ọmọ Ìsọlọ̀ tó ti fi owó gọbọi ra PS5 á wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé Amẹ́ríkà tàbí Ìlú Ọba lòun ń gbé. Láti ọjọ́ yẹn lọ, dọ́là tàbí pọ́n-ùn ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ń gbà, owó tí wọ́n dá lé ará ibẹ̀ lórí ni wọ́n ń dá lé e. Káàdì báǹkì tirẹ̀ kò bá àdírẹ́sì tó kọ mu, torí náà káàdì ẹ̀bùn ló gbọ́dọ̀ rà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, pẹ̀lú èrè onítọ̀hún lórí rẹ̀. Káàdì Ìlú Ọba kò sì ní í wọ àkáǹtì Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá ṣèèṣì ra èyí tí kì í ṣe tirẹ̀, ó di kó tún wá ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn báǹkì wa fi tiwọn kún un. Ní 2022, ọ̀pọ̀ nínú wọn dín owó tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù sí $20 lóṣù kan, àwọn mìíràn sì dá a dúró pátápátá nígbà tó yá. Ọdún 2025 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i padà. Géèmù ńlá tuntun kan lórí PS5 sábà máa ń jẹ́ $69.99. Ní ₦1,450 sí dọ́là kan, ìyẹn lé ní ₦101,000. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin ọdún 2024 fọwọ́ sí ni ₦70,000. Òṣìṣẹ́ tó ń gba iye yẹn ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìsọlọ̀ Industrial Estate á ṣiṣẹ́ oṣù kan, kò ní í jẹ, kò ní í wọkọ̀, owó rẹ̀ kò sì tíì ní í tó ra ẹyọ géèmù kan.

Ọ̀rọ̀ pé wọn kò kọ orúkọ wa sílẹ̀ yìí ń hanni léèmọ̀ nígbà mìíràn. Helldivers 2 jáde ní oṣù Kejì ọdún 2024 fún PS5 àti kọ̀ǹpútà. Àwọn tó rà á sórí kọ̀ǹpútà láti ọ̀dọ̀ Steam, ṣọ́ọ̀bù géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, ń gbá a láìní àkáǹtì Sony, títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún tí Sony kéde pé gbogbo wọn gbọ́dọ̀ so ó mọ́ àkáǹtì PlayStation. Ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi 177 tí irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ kò sí, tiwa wà lára wọn, wọ́n yọ géèmù náà kúrò lórí àtẹ. Àwọn tó ti san owó rí i pé ilẹ̀kùn fẹ́ tì mọ́ wọn. Ìbínú tó tẹ̀lé e kọjá kèrémí: àwọn àbá búburú tó ju 200,000 ni àwọn oníbàárà kọ sójú ewé géèmù náà láàárín ọjọ́ mélòó kan, Sony sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Mi ò rò pé wọ́n dìídì fojú sun ẹnikẹ́ni. Ńṣe ni ẹni tó ṣe òfin yẹn gbàgbé pé a wà. Èyí kò fi bẹ́ẹ̀ tu èèyàn nínú.

Àmọ́ apá kejì ìtàn náà wà, a kì í sì í fẹ́ sọ ọ́ nílé. Bí ẹ bá wo ìsọ̀ àwọn tó ń ta kóòdù géèmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí géèmù Xbox tí wọ́n kọ “Nigeria” sí lára, tí owó rẹ̀ sì kéré sí ti ibòmíràn. Kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n ń tà á fún. Ará Yúróòpù tàbí Brazil tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi VPN sọ pé Èkó lòun wà ló ń rà á. Ohun tó fà á kò ṣòro. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, báǹkì àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí ₦460 gòkè títí ó fi ń rìn ní àyíká ₦1,500 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ohun yòówù tí wọ́n bá ti lẹ iye mọ́ ní náírà, tí wọn kò sì sáré yí padà, ó di ìdá kan nínú mẹ́ta lójú ẹni tó ní dọ́là lọ́wọ́. Lójú tiwa, kò dín ní kọ́bọ̀.

Gánà ti fi ojú mìíràn rí nǹkan kan náà. Ní 2025, Sam George tó jẹ́ mínísítà fún ìbánisọ̀rọ̀ gbéjà ko ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n DStv pé kí ló dé tí ìdìpọ̀ tó ga jù lọ fi jẹ́ $83 ní Gánà, tó sì jẹ́ $29 péré ní Nàìjíríà. Lórí ìwé, ó jàre. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń san ti Nàìjíríà kò mọ̀ pé òun ń jẹ ìgbádùn kankan.

Ibi tí irú èyí máa ń já sí, Argentina àti Tọ́kì ti rí i. Owó àwọn méjèèjì ń ṣubú, géèmù ibẹ̀ dínwó, àlejò rọ́ wọ àkáǹtì wọn láti gbogbo ayé. Lọ́jọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 2023, Valve tó ni Steam pa pésò àti lírà tì, ó sọ wọ́n di dọ́là. Ìdí tí Valve sọ ni pé ìyípadà owó wọn ti pọ̀ jù. Àwọn géèmù kan di ìlọ́po mélòó kan ní alẹ́ ọjọ́ kan, àwọn ọmọ onílé tó ń gba pésò ló sì ru ẹrù náà. Fún wa, Steam kò tilẹ̀ ta nǹkan kan ní náírà rí. Dọ́là ló fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wa.

Ṣé òfin lè dá sí i? Ní Yúróòpù, ó ti dá sí i díẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, European Commission bu ìtanràn tó jẹ́ €7.8 mílíọ̀nù lé Valve àti ilé iṣẹ́ géèmù márùn-ún lórí, nítorí pé wọ́n ti kóòdù tí wọ́n tà ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi Poland pa kó má ṣí níbòmíràn láàárín ìṣọ̀kan Yúróòpù. Valve pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, kóòtù sì dá a lẹ́bi ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Ní Amẹ́ríkà, ẹjọ́ tó dùn ún gbọ́ jù ni ti Supap Kirtsaeng, ọmọ Thailand tó kàwé ní Cornell. Ó ń ní kí àwọn ẹbí rẹ̀ ra ìwé ẹ̀kọ́ ilé iṣẹ́ John Wiley nílé níbi tó ti dínwó, kí wọ́n fi ránṣẹ́, ó sì ń tà wọ́n lérè ní Amẹ́ríkà. Ní 2013, adájọ́ mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ gbè é: ẹni tó bá ti ra ìwé ló ni ín, ó lè tà á níbi tó wù ú.

Ìwé ni o. Síìdì náà lè fara mọ́ ọn. Géèmù tó wà nínú àkáǹtì kì í ṣe ohun tí ẹ rà, àṣẹ láti gbá a ni ẹ gbà, àdéhùn tí ẹ tẹ “mo gbà” sí láìkà á ló sì sọ ibi tí àṣẹ náà dé. Ẹ kíyè sí i pé PS5 tí Sony dín owó rẹ̀ fún Japan, Digital Edition ni, èyí tí kò bá ihò síìdì wá. Èmi kò rò pé ó ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀.

Èrò tèmi nìyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rí rẹ̀ kò nípọn. Bí Sony bá lè ṣe fún Èkó ohun tó ṣe fún Tokyo, kó kọ Nàìjíríà sórí àtòjọ, kó ta géèmù ní náírà ní iye tí òṣìṣẹ́ lè rà, kó sì ti àgádágodo mọ́ ọn kí ará Yúróòpù má bàa wá kó o lọ, mo fara mọ́ àgádágodo náà. Ohun tó ń dun èèyàn nísinsìnyí ni pé wọ́n tì wá mọ́ta, wọ́n sì tún ń gba iye àwọn tó wà nínú ilé lọ́wọ́ wa. Àwọn kan á ní Nàìjíríà kì í ra géèmù, àdàkọ ni wọ́n mọ̀. Kí wọ́n lọ wo ilé géèmù èyíkéyìí lẹ́yìn ọjà Aswani ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé: owó ló ń wọlé níbẹ̀, eré bọ́ọ̀lù kan lẹ́yìn èkejì, láti ọwọ́ àwọn tí kò ní PS5 nílé. Google Play ń gba náírà, ilé iṣẹ́ bíi Maliyo Games sì ń ṣe géèmù fóònù láti Èkó fún irú ọjà yìí. Bóyá iye náírà á mú èrè tó pọ̀ tó wá fún Sony ni mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ti Argentina ń bà mí lẹ́rù.

Ní ti ẹni tó ṣì ń ro ti àpótí mẹ́wàá láti Tokyo: ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ yín á nílò àkáǹtì Japan, káàdì ẹ̀bùn tó jẹ́ yẹ́ẹ̀nì, àti sùúrù fún ojú ewé tó jẹ́ èdè Japan látòkè délẹ̀. Àkáǹtì Amẹ́ríkà tó ti ń lò láti ọjọ́ yìí kò ní í wọlé, géèmù tó ti rà sínú rẹ̀ kò sì ní í tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ kó tó san owó.